Àtẹ̀gùn Méjìdínlógún

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: Bàbá Olóyè ló ń ba ọmọ ẹ̀ jẹ́, ìfẹ́ ló sì fi ń bà á jẹ́.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa bá àwọn tó ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn ru ẹrù. Kọ́bọ́ọ̀dù o, fíríìjì o, kò sí èyí tí kì í gbé. Katapílà làwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Bí wọ́n bá ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀, òun ló máa ń wà nísàlẹ̀, tí á máa fẹ̀yìn rìn, tí á máa ka àtẹ̀gùn tó kù fún ẹni tó wà lókè. Bí ẹrù bá kanlẹ̀, gbogbo wọn á pariwo pé, "Ó délẹ̀!" Ó sì máa ń kìlọ̀ fáwọn ọmọṣẹ́ tuntun pé, "Gígùn kọ́ niṣẹ́ o, sísọ̀ niṣẹ́."

Ẹni tó ń gbé fíríìjì, kí ni ọmọ ọdún mẹ́jọ fẹ́ jẹ́ lọ́rùn ẹ̀? Látìgbà tí dókítà ti sọ pé ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Dáùn síńdírómù, pé iṣan ẹ̀ á rọ̀, pé á pẹ́ kó tó rìn, ni bàbá ti pinnu pé ẹsẹ̀ òun ni ẹsẹ̀ ọmọ òun. Òkè pátápátá ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n ń gbé. Bó bá ń gbé e lọ, èjìká ni. Bó bá ń gbé e bọ̀, èjìká ni. Ọmọ á jókòó pẹ̀sẹ̀, á máa juwọ́ sáwọn ará ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Olóyè.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pe òun àti ìyàwó ẹ̀. Ó ní òkè làwọn ẹgbẹ́ Olóyè ń lọ ní sáà tó ń bọ̀.

"Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ló wà níbẹ̀," ló wí. "Bí kò bá lè lò ó láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé e, ìsàlẹ̀ la máa fi í sí, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún. Ẹ mú un wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ká wò ó."

"Màá máa wá gbé e láràárọ̀, mà!"

"Bó bá fẹ́ sáré tọ̀ ńkọ́, sà? Ẹ̀yin náà lẹ máa wá gbé e?"



Bí wọ́n ṣe délé ni ìyàwó ẹ̀ kọjú sí i. "Bàbá Olóyè, ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọmọ yìí máa kúrò lọ́rùn yín."

Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé nílé ìwòsàn kọ́kọ́ yẹ ọrùn ọmọ wò dáadáa, torí egungun ọrùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má le, ó ní kò séwu. Ó wá fún un níṣẹ́ ìrọ̀lẹ́: kó jókòó sórí àpótí kó sì dìde lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kó ju bọ́ọ̀lù, kó gun àtẹ̀gùn. "Iṣan ẹ̀ rọ̀ ni, kò kú," ló wí. "Ẹ fún un níṣẹ́ ṣe."

Lọ́jọ́ kìíní, Olóyè gun mẹ́ta péré, ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Dádì, gbé mi." Háà! Ọkùnrin tí fíríìjì ò rí mú, omijé lé ròrò sójú ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ di ẹ̀wù ẹ̀ mú látẹ̀yìn bí ẹni di ewúrẹ́ mú. "Ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ rí mi!"

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mẹ́ta di mẹ́jọ, mẹ́jọ di ogún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Olóyè di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó gùn ún títí dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé o rí i? Mo gùn ẹ́!" Àtẹ̀gùn ló ń bá wí.

Àárọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ ibi iṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Bàbá á kàn gbé e kọ́rùn, wọ́n ti dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó wò.

Ọjọ́ pé. Olóyè gun àtẹ̀gùn ilé ìwé láìdúró. Ìyá ẹ̀ pàtẹ́wọ́, ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́.

"O káre! Ó yá, máa sọ̀ bọ̀."

Olóyè wo ìsàlẹ̀. Ó jókòó gbì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Dádì, gbé mi."

Ara bàbá bù máṣọ. Òun! Òun tó ń fi sísọ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Kò tíì fi kọ́ ọmọ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìyàwó ẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé mú bírò. "Ẹ má gbé e o, sà."

"Mi ò ní gbé e." Ó gòkè lọ, ó dúró sí àtẹ̀gùn kejì sísàlẹ̀ ọmọ náà, ó kọjú sí i, ó sì káwọ́ sẹ́yìn. "Olóyè, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan wà lókè yìí, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ta ló máa gbé e?"

Olóyè fa ikun símú. "Èmi."

"Dìde. Di irin mú. Ẹsẹ̀ kan. Ó ku mẹ́tàdínlógún!"

Ó ń fẹ̀yìn rìn, ọmọ ń bọ̀. Ó ku mẹ́rìnlá. Ó ku mọ́kànlá. Ní ìkẹsàn-án, ẹsẹ̀ Olóyè yẹ̀, ó fì. Ọwọ́ bàbá ti yọ láti ẹ̀yìn kí ìyàwó ẹ̀ tó kígbe pé, "Bàbá Olóyè!" Ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì gbá irin mọ́ra. Bàbá dá ọwọ́ padà sẹ́yìn, ohùn ẹ̀ ò sì yẹ̀.

"Rọra. Kọ́bọ́ọ̀dù olówó gọbọi ni. Ó ku mẹ́jọ."

Ó ku márùn-ún. Ó ku méjì. Ó ku ẹyọ kan.

"Ó délẹ̀!" Olóyè ló pariwo bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ìwé ló gbọ́.

Ọ̀gá náà kọ "òkè" síwájú orúkọ ẹ̀. Bàbá ń sunkún gbangba, kò tiẹ̀ nu ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó pèsè èjìká kí ọmọ gùn ún relé. Olóyè wò ó, ó gbá a léjìká pẹ́ẹ́.

"Rárá, Dádì. Mo wúwo."

Ó di irin ilẹ̀kùn mú, ó sọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ó kọrí sí ọ̀nà ilé. Bàbá ẹ̀ gbé báàgì ẹ̀ tẹ̀ lé e. Báàgì yẹn nìkan ló kù tí wọ́n jẹ́ kó gbé.