Rhealyn Ti Jẹun

"Rhealyn, ṣílẹ̀kùn! Bí o ò bá ṣí i, ìdí ni n ó fi já a wọlé, o sì mọ bí ìdí mi ṣe tóbi tó!"

Màmá Pasing dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lugaw lọ́wọ́, ìrẹsì tó fi atalẹ̀ sè títí tó fi rọ̀ bí ògì. Ó retí ẹ̀rín. Ọjọ́ kẹta rèé tí Rhealyn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Omi nìkan ló ń jáde wá mu.

"Mi ò fẹ́, Màmá àgbà." Ohùn náà kéré bí ti ẹ̀fọn. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀, eékún rẹ̀ sì dún kọ́ọ́. "Ó dáa. Eékún mi ti gbọ́."

Merlinda, aládùúgbò, já wọlé láìkanlẹ̀kùn, fóònù lọ́wọ́, omijé ẹ̀rín lójú. "Pasing, wá wo ọmọ ọmọ ẹ! Gbogbo ìlú Iloilo ló ń wò ó!"

Rhealyn ni lóòótọ́, lórí fídíò láìfù, nínú yàrá yẹn gan-an, pẹ̀lú ètè pupa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn ló ń pa lẹ́rìn-ín. Màmá Pasing gbọ́ àwàdà ara rẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà, ti eyín àtọwọ́ṣe tó já bọ́ níbi tó ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ pàápàá, kàkàkà, bí adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ẹ̀rín náà ń ti inú fóònù wá, ó sì ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá.

"Ìwọ ló jọ tán pátápátá!" ni Merlinda wí. "Ọlọ́yàyà ọmọ!"

"Kò jẹun láti ìjẹta."

"Ta ni? Eléyìí? Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ná!"

Màmá Pasing gba fóònù náà. Ìka rẹ̀ nípọn, lẹ́tà mẹ́ta ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó làágùn kó tó kọ ọ́ tán: *Ṣé o ti jẹun?*

Bí a ṣe ń kí ara wa níhìn-ín nìyẹn láàárọ̀ lálẹ́. Kò sì sẹ́ni tó ń dáhùn pé òun ò tíì jẹ.

Rhealyn kà á sókè. "Áńtí Merlinda! Ẹ ṣeun o, mo ti jẹun, mo ti yó! Màmá àgbà mi se lugaw, mo lá abọ́ mọ́ féfé!"

Màmá Pasing wo abọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojú lugaw ti di awọ.

Láìfù parí. Ẹ̀rín náà dá wáí. Ó la ẹnu láti dápàárá kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá rántí, Rhealyn ti sọ ọ́ tán fún àwọn tó ń wò ó.

Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé abọ́ lé itan, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Kò já a. Ó kàn fara tì í.