Alákiri Ojú Ìwé Kẹtàlélọ́gọ́rin

Ọwọ́ Hinda ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bírò dúdú orí ṣẹ́lífù kó tó rántí pé Sátidé ni, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, tí wọn kì í kọ nǹkan. Ó fà á sẹ́yìn kíá, bí ẹni tó fẹ́ gbá ìkòkò gbígbóná mú. Kò sẹ́ni tó rí i. Anshel ọkọ rẹ̀ ń hanrun lórí àga tìmùtìmù. Ẹ̀wà ẹlẹ́ran tó ti wà lórí iná láti ọjọ́ Ẹtì ti dá a dùbúlẹ̀. Òjò ìlú Gateshead, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń rọ̀ jẹ́jẹ́ lára fèrèsé.

"Mo ti mú ọ," Hinda ní, ó ń bá ìwé tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Yitta, mo ti mú ọ lónìí."

Ìwé àtijọ́ ni, ti àwọn ọmọ mẹ́ta kan tó ń gbé ilé ọlọ létí odò, tí ìyá wọn ń ṣàìsàn. Ìwé náà mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìfẹnukonu, kò sí igi Kérésìmesì, àwọn ọmọ náà ń gbọ́ràn sí ìyá wọn lẹ́nu. Inú ti ń bí Hinda pé ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tó dé ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́rin, tí Júù kan tó ń kiri ọjà yà sílé ọlọ náà. Òǹkọ̀wé ní imú rẹ̀ gùn, ó ní ó ń kánjú bí olè tí wọ́n ń lé. Ó ta ríbọ́ọ̀nù fún ọmọbìnrin ilé. Wọ́n bu ọbẹ̀ ẹran àti búrẹ́dì fún un, ó fajú ro, kò fọwọ́ kàn án. Ó já owó gbà, ó gba inú òjò lọ, kò sì dun ẹnikẹ́ni pé ó lọ.

Hinda kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Inú bí i gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó bí ọmọ Júù, a ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ ju ìbínú náà lọ fíìfíì.

Ẹ ò lè dá a lẹ́bi títí ẹ ó fi gbọ́ tẹnu rẹ̀. Fún ọdún méjìlélógún gbáko, kò sí ìwé ìtàn tó dé ọwọ́ ọmọ kankan ládùúgbò wọn tí kò gba ọwọ́ Hinda Sternlicht kọjá. Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ilé ìkàwé. Tòun ti bírò dúdú àti gọ́ọ̀mù ló ń kàwé. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe Kérésìmesì, á lẹ ewé ìwé méjèèjì pọ̀. Ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ti di ọmọge lọ́wọ́ mú, á fi dúdú pa á. Ibi tí wọ́n bá ti bú Júù, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fi dúdú pa ìyẹn. Lẹ́yìn náà á kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì sínú èèpo ìwé, ìyá tó bá sì ti rí lẹ́tà méjì yẹn kò ní ṣí ìwé náà wò mọ́ kó tó gbé e fún ọmọ.

Ìgbà náà ni Yitta kó dé láti Manchester, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́rin, wíìgì tí obìnrin tó lọ́kọ láàárín wọn fi ń bo irun kì í jókòó dáadáa lórí rẹ̀. Yitta kò ní bírò, kò ní gọ́ọ̀mù. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí, òun àti àwọn ọmọbìnrin, wọ́n á jọ máa kàwé ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Kí a tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá ti yí padà. "Yitta ní ó dáa." "Yitta ní kí wọ́n kà á." Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nílé ìtajà alápatà, obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ìwé Hinda dàgbà wojú Hinda, ó ní, "Ṣé Yitta ti kà á?" Hinda rẹ́rìn-ín, ó sanwó adìẹ, ó dé ilé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìdáná mọ́ra, ó sunkún. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, wọ́n ní. Òun ló da omi o, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló wá wà lórí ilẹ̀ tútù.

Lánàá ọjọ́ Ẹtì ni Ìyáàfin Braunfeld, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, gbé ìwé ilé ọlọ náà wá. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ yàrá ìkàwé tuntun, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa yan ìwé fún un. "Èyí ló wà lókè lára ìwé tí Yitta yàn," ó ní. "Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá rí ohun tí kò dáa níbẹ̀, ẹ wí fún mi lọ́jọ́ Àìkú, iṣẹ́ náà á di tiyín. Bí ẹ ò bá rí nǹkan, màá gbé e fún Yitta, kí ẹ̀yin náà lè sinmi." Kí ó sinmi! Ta ló sọ fún un pé ó rẹ òun?

Èyí tó wá dun Hinda jù, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gitel, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méjìlá, wà lára àwọn tó ń lọ jókòó sílẹ̀ lọ́dọ̀ Yitta. Ibẹ̀ ló wà báyìí.

Anshel lajú. "Kí ló dé tí ìwọ nìkan fi ń rẹ́rìn-ín?"

"Wo ohun tí Yitta fẹ́ kó fún àwọn ọmọ wa."

Anshel kà á, ó yọ awò ojú, ó tún un lò. "Ọ̀rọ̀ burúkú ni lóòótọ́. Sọ fún Ìyáàfin Braunfeld lọ́la."

"Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyẹn, ó yẹ kí n bá Yitta sọ ọ́ lójúkojú. Ṣebí òfin ló ní ká máa bá ara wa wí."

"Ìbáwí lo fẹ́ lọ ṣe ni, àbí ọdún lo fẹ́ lọ ṣe? Wo bí ojú ẹ ṣe ń dán."

"Anshel, máa sùn."

"Mo ti ń sùn," Anshel ní, ó sì sùn.

Hinda wọ kóòtù, ó fi ọ̀rá òjò bo wíìgì, ó so ó lábẹ́ àgbọ̀n, ó fi ìwé sí abíyá. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ládùúgbò wọn, kò sẹ́ni tó ń gbé nǹkan jáde sí ìgboro lọ́jọ́ ìsinmi, ì báà ṣe áńkáṣíìfù. Ó padà, ó gbé ìwé sórí tábìlì. Ó tún ojú ìwé náà kà títí ó fi há a sórí, ó wá jáde lọ́wọ́ òfo.

Ní ọ̀nà, ó ń kà á lábẹ́nu kó má baà sọ nù. Imú gígùn. Bí olè tí wọ́n ń lé. Ó fajú ro. Ó ń rí ojú Yitta lọ́kàn, bí yóò ṣe pọ́n, bí àwọn ọmọ yóò ṣe máa wò ó. Ó ń rí Gitel tó dìde, tó wọ kóòtù, tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sílé. Ìyá Hinda a máa sọ nígbà ayé rẹ̀ pé bí a bá lé ni tí a kò bá ni, ìwọ̀n là á bá ni ṣọ̀tá mọ. Hinda rántí rẹ̀ nígbà tó yà ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí ìyá òun má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ìwọ̀n.

Wọn kò ti ilẹ̀kùn Yitta. Kóòtù ọmọdé ló kún ẹnu ọ̀nà bí ìdọ̀tí aṣọ tí a fẹ́ fọ̀, ife tíì wà lórí àtẹ̀gùn, ẹnìkan ti da ẹ̀pà sílẹ̀. Hinda fojú ka gbogbo rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn. Ó rọra dé ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ ló wà nílẹ̀, ìwé ilé ọlọ wà láàárín wọn, ẹ̀dà ti Yitta fúnra rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ń sùn lórí itan Yitta. Gitel sì gbé orí lé èjìká rẹ̀.

Gitel! Gitel tí kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan irun òun mọ́, tó ní òun ti dàgbà! Ká ní Hinda ní ìwé náà lọ́wọ́ ni, ì bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ń jiyàn, wọn kò rí i.

"Olè ni o," ni ọmọ kan tó ń jẹ́ Frumet ń sọ, tòun ti wáyà eyín rẹ̀. "Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé ò mọ nǹkan kan!" Gitel ló fèsì. "Wò ó níbí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé ìyẹ̀fun lọ ọjà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni alákiri yìí dé. Oòrùn ti ń wọ̀, ó sì gbé ẹrù! Ó gbọ́dọ̀ délé Júù kan kí oòrùn tó wọ̀ tán, ìgbà yẹn ni ọjọ́ ìsinmi ń wọlé. Ta ni kì í kánjú lọ́jọ́ Ẹtì? Mọ́mì mi bu iyọ̀ sínú kéèkì dípò ṣúgà lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ṣé olè làwọn náà ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Hinda ní ẹnu ilẹ̀kùn.

"Oúnjẹ tó kọ̀ ńkọ́?" Frumet kò gbà. "Wọ́n ṣe é lálejò, ó fajú ro."

"Ta ló pa ẹran yẹn?" Gitel bi í. "Wọn kò pa á bí òfin wa ṣe wí. Ìwọ á jẹ ẹ́?"

"Ká má rí i!"

"Hẹn-ẹn. Kò fajú ro rárá. Ebi ló ń pa á. Ó ti ń rìn láti àárọ̀, ọbẹ̀ ń rùn sí i nímú, kò sì lè jẹ ẹ́."

Frumet fa ìwé náà mọ́ra, ó tún ibẹ̀ kà.

"Ẹni tó kọ ọ́ rí i kedere," Yitta ní. "Gbogbo ohun tó ṣe ló kọ sílẹ̀. Ohun tó ń wò ni kò yé e."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Hinda ka ojú ìwé yẹn. Ó tún há a sórí. Ọjọ́ Ẹtì wà níbẹ̀ gbagada, kò rí i. Owú tó wá gbá a mú lẹ́yìn ìyẹn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ló rí i, ilé ẹlòmíràn ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rí i.

Yitta gbójú sókè. "Hà, Mísísì Sternlicht! Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Ẹ wọlé, òjò ti pa yín."

Gitel gbé orí rẹ̀ kúrò ní èjìká Yitta wàrà, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìṣáasùn. Ìyẹn dun Hinda ju ká ní ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀ lọ.

"Nítorí ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́rin ni mo ṣe wá," Hinda ní.

"Mo mọ̀, mà." Ojú Yitta ti yí padà. "Ìyáàfin Braunfeld sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò lè sùn lánàá. Mo ti fẹ́ yọ ìwé náà kúrò, mo tún ní kí n fi dúdú pa á bíi tiyín. Gitel ló ní kí n má pa á."

Hinda yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo sọ fún wọn?"

Gitel ń fi ìka fa òwú kápẹ́ẹ̀tì. "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Mo kàn ní mo ti ka gbogbo ìwé yàrá ẹ̀yìn wa tán. Kò sí Júù kankan níbẹ̀. Ẹyọ kan péré ò sí. Mo rò pé àwọn tó ń kọ ìwé láyé àtijọ́ ò mọ̀ pé a wà ni. Alákiri yìí ni mo kọ́kọ́ rí."

Kò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀.

Hinda mọ̀ pé Júù ti wà níbẹ̀ rí. Télọ̀ kan wà nínú ìwé ọkọ̀ ojú omi. Dókítà kan wà nínú ìwé àwọn ọmọ òrukàn. Ìyá arúgbó kan wà tó ń ta aṣọ àlòkù, ọmọkùnrin kékeré kan sì wà tí wọ́n ń lù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ìdajì ojú ìwé gbáko lòun nìkan gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì ló fi dúdú pa wọ́n. Ó rántí ibi tí olúkúlùkù wọn wà àti ojú ìwé tó wà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Kí ojú má baà ti àwọn ọmọ ni.

"Mísísì," Frumet ní, "a ti gbé ìwé yín, ti ọkọ̀ ojú omi yẹn, sójú fèrèsé wò, kò hàn. Kí ló wà lábẹ́ dúdú yẹn gan-an?"

"Frumet!" Yitta kígbe mọ́ ọn. Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Mà, kí lẹ fẹ́ sọ fún Ìyáàfin Braunfeld lọ́la?"

Hinda tú ọ̀rá òjò lábẹ́ àgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó há sórí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, iṣẹ́ di tirẹ̀. "Màá ní mo rí alákiri kan níbẹ̀," ó ní. "Màá ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọ."

Kò dùn mọ́ ọn láti sọ ọ́ o. Owú kò sì kúrò nínú rẹ̀. Bó ṣe ń tẹríba wá ibi tí yóò jókòó sí nílẹ̀, eékún rẹ̀ ń dún, ó tún ń wò ó bóyá Gitel máa padà gbé orí lé èjìká yẹn. Gitel sún, ó fàyè sílẹ̀ fún un.

"Télọ̀ ni," Hinda sọ fún Frumet. "Nínú ìwé ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní ahun ni, nítorí pé ó ń ṣa òwú tó bá bọ́ sílẹ̀."

"Kí ló ń fi ṣe?" Gitel béèrè. "Ó ní ọmọ? Mélòó ni?"

Ìwé náà kò sọ. Hinda mọ̀ pé kò sọ. Kò tí ì fi ọ̀rọ̀ kan kún ìwé rí láyé rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ojú náà ń wo òun nìkan.

"Mẹ́ta," ó ní. "Èyí àbígbẹ̀yìn ni kì í jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbádùn."