Aago Mẹ́rin Kọjá Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá

Ọmọbìnrin yìí gbọ́n o. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó kú tí kò lè jí dìde. Àfi ti olóògbé bàbá rẹ̀ tó wà nílé ìyá rẹ̀, tó ń wọ́ bí ìgbín, tí ìyá kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Ìdí kan ni. Láti ọdún mẹ́ta tí bàbá ti kú, kọ̀ǹpútà náà máa ń tan ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, lásìkò tí bàbá máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Fáànù inú rẹ̀ á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá á sì tún ìborí rẹ̀ ṣe: "Bàbá wọn, ẹ kú àbọ̀." Wọ́n á wá máa tàkúrọ̀sọ. Ìyá nìkan ló ń sọ ọ́, ká má parọ́.

"Màámi, bàbá ló ṣètò rẹ̀ kó máa tàn láago mẹ́rin," ni ọmọ wí, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. "Kò sí òkú kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa rí àwọn ọmọ-ọmọ yín lójú rẹ̀ wàrà."

"Ìwọ lo mọ̀wé," ni ìyá fèsì. "Ṣáà má lé bàbá rẹ jáde."

Ọmọ tú u. Ó nu ìpara tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ gbóná, tó ti gbẹ táútáú, ó yọ ọpọlọ àtijọ́ náà, ó fi tuntun sí i. Iṣẹ́ náà gba kó yọ bátìrì kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó tàn án, ó yá kánkán, fáànù ò tiẹ̀ húkọ́ mọ́. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà! Àṣé ètò bàbá ti bá bátìrì lọ. Lọ́jọ́ náà, ìyá jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò dé. Ó sunkún bíi ti ọjọ́ ìsìnkú. Ojú ti ọmọ. Ó wo aago fóònù rẹ̀, ó sì ṣètò kọ̀ǹpútà padà sí aago mẹ́rin géérégé.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́rin lù, kọ̀ǹpútà tàn. Ìyá dìde, ó lanu, ó sì padà jókòó.

"Ta lo mú wọlé tọ̀ mí wá?"

"Bàbá ni, Màámi."

"Irọ́ ni! Bàbá rẹ kì í dé ní mẹ́rin. Kò ní ṣaláì dúró bá aládùúgbò jiyàn lẹ́nu ọ̀nà. Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ń dé, nígbà tó wà láyé àti lẹ́yìn tó kú. Lé èyí jáde!"

Ọmọ rántí nǹkan kan. Lóòótọ́ ni aago inú kọ̀ǹpútà náà ti fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá rẹ̀yìn kó tó tú u. Ó ti rí i, kò kà á sí. Ó sáré fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Àwọn méjèèjì jókòó.

Nígbà tó di mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ìyá tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá wọn, ẹ kú àbọ̀."

Wáyà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún sẹ́yìn, kí bàbá rẹ̀ lè ráàyè kọjá.