Lagos Town Kì Í Ṣe Èkó

Ọmọ mi Raqeebah kì í rí nǹkan kó má béèrè. Bí wọ́n bá fi ìwé ìròyìn di dòdò fún un, á jẹ dòdò tán, á tẹ́ ìwé náà sórí itan, á sì kà á tòun ti òróró tó wà lára rẹ̀. N kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a wí, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún rẹ̀. Ọjà Odawna ní Accra ni mo ti ń ta òkìrìkà ọmọdé, òbúrónì wáwú lẹ́nu àwọn ará Ghana, bí oníbàárà bá sì ra ṣòkòtò kan péré, àfi kí n mọ ọmọ tó máa wọ̀ ọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni ìbéèrè kò ti gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa nílé, ìyẹn ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Màámi, Àgbékẹ́, ti fi òfin dè é láti kékeré wa. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé níbo ni ìlú wa, a ò gbọdọ̀ dárúkọ Ṣakí, a ò gbọdọ̀ dárúkọ ìlú kankan tó wà lẹ́yìn ibodè. Ká ní Lagos Town, ká sì panu mọ́. Irọ́ kọ́ sì ni. Lagos Town ni wọ́n bí Màámi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí, ibẹ̀ ni mo sì bí Raqeebah sí. Àárín Accra ló wà. Àwọn Yorùbá ló pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́ tó fi gba orúkọ yẹn. Ìjọba ti ń pè é ní New Town tipẹ́, ṣùgbọ́n Màámi kò bá ìjọba pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún 2018, Raqeebah wà ní kíláàsì tó máa ṣe ìdánwò àṣejáde JHS, ìyẹn sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì àgbà di ọ̀fẹ́ lọ́dún tó ṣáájú ni, inú mi sì ń dùn, torí mo mọ̀ pé ọwọ́ mi àti ti bàbá rẹ̀ tó ń wa mọ́tò lọ sí Kumasi kò lè ká a bí kì í bá ṣe ọ̀fẹ́. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú Ho, pe ọmọ kọ̀ọ̀kan kó wá sọ ohun tí òun máa kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ní Ghana, kò sí fọ́ọ̀mù tí kì í béèrè họ́ọ̀mùtáùn, ìyẹn ìlú tí ìran rẹ ti ṣẹ̀ wá, ibi yòówù kí wọ́n bí ọ sí. Raqeebah dáhùn bí ìyá àgbà ṣe kọ́ ọ: Lagos Town. Tíṣà tí kò tíì mọ Accra gbọ́ Lagos, ó sì kọ Lagos. Nígbà tó ti kọ ìyẹn tán, ó kọ ọmọ Nàìjíríà síbi tí wọ́n ti béèrè orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó pe ọmọ tó kàn.

Ọjọ́rú ni Raqeebah mú fọ́ọ̀mù náà wá bá mi ní ìsọ̀ pé kí n fọwọ́ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò mi, ó di iléèwé.

Mádáàmù olórí iléèwé, obìnrin kan tí kì í pariwo, ọmọ Gã tó ni ilẹ̀ Accra, ní kí n jókòó. Ó ní ọmọ Ghana ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ètò ọ̀fẹ́ náà kalẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà tó ń pín ọmọ sí iléèwé bá gba fọ́ọ̀mù yìí bó ṣe wà, òun ò lè búra ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ní kí a sanwó bí àjèjì. Jímọ̀ ni fọ́ọ̀mù máa kúrò lọ́wọ́ òun. Òun lè fi ọwọ́ ara òun tún un ṣe, ṣùgbọ́n àfi kí òun rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Accra ni ìlú ìdílé wa. Mo yọ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ. Ó wò ó, ó dá a padà, ó sì fi Twi sọ fún mi pé, "Ibi tí wọ́n bí i sí ni èyí sọ. Ọmọ ilé ta ni?"

Inú bí mi, kí n má purọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sílé, tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sílé, tí wọ́n bí ìyá ìyá rẹ̀ sílé, wọ́n tún ń béèrè ilé ta ni. Àmọ́ obìnrin náà kò gbé ohùn sókè, n kò sì rí ẹni bá jà.

Nígbà tí mo délé, Màámi ń ṣa ẹ̀wà tí a fẹ́ pò mọ́ ìrẹsì fi se wááṣe. Mo rò fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní ẹnu òun ló kó bá ọmọ, pé ohun tí òun fi ń dáàbò bò wá ló padà wá bù wá jẹ. Mo fẹ́ bi í pé lọ́wọ́ kí ló ti ń dáàbò bò wá, ṣùgbọ́n Raqeebah ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní wọ́n rán òun láti gbá ọ́fíìsì Mádáàmù lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì rí rẹ́jísítà àtijọ́ kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun ṣí i wò.

"Mama," ó ní, "ṣé ẹ̀yin ni Àgbékẹ́ Sàláwù tó wà nínú ìwé yẹn?"

Màámi ní orúkọ ló jọra. Sàláwù ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, àwa méjèèjì la sì mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, bí lẹ́tà bá dé, Màámi á ní kí wọ́n pe èmi Fáòsíà wá kà á, torí orí òun kò gba ìwé. N kò bi í léèrè rí pé ta ló dán orí náà wò. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Òkúta ló ń ṣà sínú ẹ̀wà tó dáa.

Ó ṣa ẹ̀wà náà tán, ó gbé e kaná. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Jímọ̀, kí n tó wẹ̀ tán, ó ti múra, ó ti wé ìbòrí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tí kì í bá wa dé iléèwé yẹn, tó jẹ́ pé oúnjẹ ló máa ń fi ránṣẹ́ bí wọ́n bá ń ṣe ayẹyẹ, ló ní ká jẹ́ ká tètè máa lọ.

Ojú ọ̀nà ló ti sọ ọ́, láìwo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní bàbá òun fẹ́ kí òun máa bá ìyá òun tajà ni, ṣùgbọ́n òfin ayé ìgbà náà ni pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jókòó sílé, iléèwé sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Òfin ló mú òun wọ kíláàsì ní iléèwé tí a ń lọ yẹn ní ọdún 1964. Ipò kìíní ni òun máa ń ṣe. Ní 1969, òun wà ní kíláàsì kẹfà nígbà tí ìjọba mìíràn pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé àṣẹ kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá wọn sọ ní gbangba pé Ṣakí ni ìlú òun, wọ́n sì kó wọn lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ṣakí, wọ́n ní kí òun bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kejì, torí Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀, òun ò sì mọ̀ ọ́n kọ. Ọmọ ọdún méjìlá láàárín àwọn ọmọ ọdún méje. Ojú ti òun, òun ò lọ mọ́. Ìgbà tí òun lọ́kọ ni òun tó padà sí Accra.

Raqeebah rìn díẹ̀. "Mama, ta ló ń kọ òfin?"

"Àwọn tó mọ̀wé," Màámi ní.

A ṣàlàyé fún Mádáàmù, ó gbé rẹ́jísítà náà sórí tábìlì, ó nu eruku rẹ̀. Raqeebah kò wá a rárá, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣí i síbẹ̀. Àgbékẹ́ Sàláwù, ọmọ ọdún mẹ́fà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìlú, wọ́n kọ Lagos Town, Accra, ó hàn ketekete. Mádáàmù rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun gba yàrá lọ́wọ́ Alata kan, bí àwọn Gã ṣe ń pe Yorùbá, níbẹ̀ rí, òun ti gbàgbé pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ó mú báírò, ó fa ìlà sórí Lagos tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ó kọ Accra. Ó fa ìlà sórí ọmọ Nàìjíríà, ó kọ ọmọ Ghana, ó fọwọ́ sí i. Ọkàn mi balẹ̀, mo dìde láti dúpẹ́.

Màámi kò dìde. Ó ti fi ìka tẹ ìparí ìlà orúkọ rẹ̀, ó ní kí Raqeebah ka ohun tó wà níbẹ̀ sí òun létí. Raqeebah kà á: ó kúrò ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 1969. Ìdí tó fi kúrò: ó rìnrìn àjò. Ọmọ náà kò dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé.

"Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ fún," ó ní. "Mama, ṣé gbogbo yín lẹ jọ rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ kan náà ni?"

Màámi yíjú sí Mádáàmù, ó fi Gã sọ fún un pé wọ́n ti tún ti ọmọ ṣe, ti òun náà kò tọ̀nà, kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Mádáàmù ní òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan rẹ́jísítà àtijọ́. Ó wo Màámi lójú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní ó ku kí òun lu òǹtẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, yàrá kejì ni òǹtẹ̀ náà sì wà. Ó fi báírò lé orí ìwé tó ṣí sílẹ̀ náà, ó jáde.

Màámi fa ìwé náà mọ́ra. Ìyá tí kò lè ka lẹ́tà mú báírò, ó sì kọ ọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo tẹ̀ síwájú, mo kà á: "N kò rìnrìn àjò. Wọ́n lé mi ni." Mo sunkún, ojú kò sì tì mí.

Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n Màámi sún ọwọ́ sílẹ̀ sórí orúkọ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ó kà á fúnra rẹ̀: Àwẹ̀ró. Ó ní àga kan náà ni àwọn jọ ń jókòó lé. Ó tún gbé báírò náà.

Mádáàmù pẹ́ gan-an kó tó rí òǹtẹ̀ tó lọ wá.