Ọjọ́ Tí Wọ́n Pín Wákàtí Bí Ẹran

Àlá ọ̀sán ni tèmi, ẹ̀yin ará ilé, kì í ṣe ti òru. Ọjọ́rú tó kọjá ni mo lá a, lórí bẹ́ǹṣì onígi, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń pín fíìmù fún sinimá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe fíìmù mi yìí, ẹ sì mọ Bàbá Ògúntókun, káfíńtà àtijọ́ tó ṣe olú òṣèré níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Ojú wọn kan ti lọ, dókítà sì ní èkejì ń múra àtitẹ̀lé e. Ohun kan náà ni wọ́n ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: "Fadérera, ṣé n óò rí ara mi kí ojú yìí tó fọ́?"

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti àwọn èèyàn yìí, tí mo ń dúró de wákàtí tí wọn óò fún wa láti fi fíìmù náà hàn. Aago méje alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo fẹ́, torí ìgbà yẹn lèrò ń ya wọ sinimá. Fíìmù tí kò bá sì pe èrò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò ni, ó tán. Ibi tí mo ti ń rò ó ni oorun ti gbé mi lọ.

Ọ́fíìsì náà ló kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀. Ó rọra ń gòkè bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sórí àjà. Èmi kò bẹ̀rù. Ohun tó dùn mí ni pé bàtà mi ẹsẹ̀ kan wà nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn bá mi gbé e wá, ó ní kí n máa ṣọ́ra, pé àwa tó ń ṣe fíìmù la máa ń fi bàtà sílẹ̀ jù.

Nínú yàrá, àwọn fíìmù jókòó lórí ẹní, wọ́n wọ agbádá, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, akọ̀wé tó ń pín wákàtí, gbé abọ́ ńlá kan síwájú. Wákàtí ló kún inú rẹ̀, gígé-gígé, ó ń ṣèéfín. Aago méje alẹ́ Àbámẹ́ta ni itan. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà nísàlẹ̀ abọ́, eegun gbígbẹ ni, ajá gan-an á kọ́kọ́ rò ó wò. Akọ̀wé ní bí wọ́n ṣe ń pín ẹran nílé ni àwọn óò ṣe pín in: àgbà ló ń kọ́kọ́ mú.

Ni ìjà bá dé. Fíìmù oníkùn kan ní òun ni àgbà, torí àwòrán òun ti wà lára afárá láti èṣí. Òmíràn ní òun ti jáde lókè òkun kí wọ́n tó ya ti ẹni yẹn rárá. Wọ́n jà á títí wọ́n fi yíjú sí tèmi, tó wà nínú báàgì mi, tó ń wúkọ́. Wọ́n bi í pé ọjọ́ wo ló jáde. Ó ní òun ò tíì jáde. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ọwọ́ kì í jẹ itan. Mo rántí Bàbá.

Fíìmù mi yọrí lẹ́nu báàgì, ó tún fìlà ṣe.

"Ẹ̀yin ọmọdé yìí," ó ní, "Kẹ́yìndé ni mí. Ta ló rán yín pé kí ẹ lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn? Mo ṣì ń retí èsì."

Ta ni yóò jiyàn? Nínú ìbejì, ẹni tó kẹ́yìn jáde náà ṣáà ni ẹ̀gbọ́n. Fíìmù oníkùn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní kí wọ́n má bínú, pé èrò ló pọ̀ lọ́nà tí òun kò fi tètè wá jíṣẹ́.

Ojú ti Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé débi pé ó di ewúrẹ́. Iṣẹ́ kò dúró o. Ó ń jẹ ìwé àkókò láti ọjọ́ Ajé lọ, ó sì ń fi ìwo ti itan náà sọ́dọ̀ mi. Mo dúpẹ́, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ó ní ara wọn le, wọ́n ń jẹko.

Bí mo ṣe gbá aago méje mú, ọ́fíìsì di gbọ̀ngàn sinimá. Gúgúrú ló jókòó sí gbogbo àga, olúkúlùkù gbé páálí ènìyàn wẹ́wẹ́ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn. Èrò ṣáà lèrò. Àfi àga kan tó ṣófo. Mo bi í pé ta ló ń dúró dè.

"Ẹni tó ni mí wà níta," ni àga wí. "Ilẹ̀ ti ṣú, kò rí ilẹ̀kùn."

Mo sáré jáde sínú òkùnkùn, mo ń pe Bàbá. Ọ̀pá wọn nìkan ni mo ń gbọ́, kọ̀, kọ̀, kọ̀, lápá ibi tí kò sí sinimá kankan.

Mo lajú: bíírò ni. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé ló ń fi kan tábìlì, ó ti fi eyín rún ìdérí rẹ̀ wómúwómú. Àwọn yòókù ti lọ, ó ku èmi nìkan lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní wákàtí kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Oorun kò tíì dá lójú mi, mo ṣàlàyé fún un pé Kẹ́yìndé ni fíìmù mi, pé òun ló rán àwọn yòókù níṣẹ́. Ó wò mí títí.

"Màdáámù," ó ní, "ẹ lọ jẹun."

Mo buwọ́ lùwé, mo jáde. Níbi géètì ni mo ti pe Bàbá, ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé wọn kò fún wa ní alẹ́, òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n jù sí wa. Bàbá bi mí:

"Ojúmọmọ ni?"

"Ojúmọmọ ni, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Alẹ́ ni mo ti ń bẹ̀rù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, n kì í rí ohunkóhun mọ́. Mi ò kàn fẹ́ sọ fún ọ ni. Wí fún wọn pé láago mẹ́jọ, màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn."