Etí Tanímọ̀la

Aaron ti fi igi tìróò kan imú ajá náà, níbi tí irun ti re dànù, kí Àràmídé tó gbá a lọ́wọ́.

"Má kùn ún."

"Àǹtí mi, ẹ wò ó dáadáa. Etí rẹ̀ ya sí méjì bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àpá tún wà nímú. Ẹ jẹ́ kí n kúkú bo ti imú. Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Tanímọ̀la, abo ajá dúdú tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo àwọn ajá yòókù bí wọ́n ṣe ń wọ pápá ilé-ìwé kan ní Òmù-Àrán. Ìdíje ajá ìbílẹ̀ ni wọ́n wá. Kì í ṣe ti eré sísá, kì í sì í ṣe ti ẹran lílé. Adájọ́ yóò kàn wo bí Ọlọ́run ṣe dá ajá kọ̀ọ̀kan ni: eyín rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, ìdúró rẹ̀, ìrìn rẹ̀. Aaron ló fi fọ́tò Tanímọ̀la ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣètò ìdíje náà láti Ìlọrin, níbi tó ń gbé, nígbà tí etí náà ṣì pé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ajá ti oko dé, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀.

"Bàbá kò kun ajá rí," ni Àràmídé wí.

Aaron dé tìróò náà, ó fi í sápò.

Lawrence ọdẹ ni wọ́n máa ń pe bàbá wọn ní Òwu-Ìsin. Ìran ajá kan ṣoṣo ló sìn títí ó fi kú, ìyá ń bí ọmọ, ọmọ ń bí ọmọ, débi pé Àràmídé kò mọ ìgbà kankan tí ajá dúdú kò sí ní àgbàlá wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ajá á tẹ̀ lé bàbá dé ṣọ́ọ̀ṣì, á sùn sórí àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá ti kọ orin ìparí, òun ni yóò kọ́kọ́ dìde, á sì ṣíwájú wọn lọ sílé bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n wàásù fún. Láwọn òwúrọ̀ ìsinmi ilé-ìwé, Àràmídé á di etí aṣọ ọdẹ bàbá rẹ̀ mú, ìrì á rin ín dé orúnkún, ajá á máa lọ níwájú. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ lọ́nà oko. Síbẹ̀, kò sí ibi tí ọkàn ọmọ náà ti í balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ tó kọjá ni bàbá kú. Àràmídé, tó ń ṣe tíṣà nílùú náà, kó padà sínú ilé bàbá kí ilé má baà ṣófo. Láràárọ̀ ni ajá ń dá lọ sóko. Àwọn aládùúgbò ní ajá náà ti ń di ẹran ìgbẹ́, pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àràmídé máa ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, bí fèrè bá wá dákẹ́ ńkọ́?

Dókítà Bilqis, oníṣègùn ẹran tó wá ṣe adájọ́, wọ bàtà òjò, ó sì fi híjáàbù funfun borí. Ó la ẹnu Tanímọ̀la, ó fi ọwọ́ tọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdí ìrù, ó tẹ itan rẹ̀ wò.

"Ẹ mú un rìn."

Àràmídé di okùn mú. Ajá rẹ orí sílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ẹ̀yìn irú ìrìn yìí ni Àràmídé ti dàgbà. Ó ṣe é bíi pé bó bá yíjú, yóò rí ìbọn léjìká ẹnì kan, yóò sì gbọ́ òórùn tábà.

Nígbà tí wọ́n yí padà dé, adájọ́ di etí tó ya náà mú.

"Kí ló ṣe é?"

"Ìmàdò ni, mà. Ará oko kan ló gbọ́ ariwo ìjà wọn, ló lọ gbà á sílẹ̀."

"Ọdẹ tó mú un lọ ńkọ́?"

"Kò sí ọdẹ, mà. Bàbá wa ti kú. Òun nìkan ló ń lọ."

Àràmídé fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà Bilqis rọra fi etí náà sílẹ̀.

"Ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Ibi iṣẹ́ ló ti gba ọgbẹ́ yìí, n kò kà á sí àbùkù. Bí wọ́n ṣe bí i ni mo wá wò."

Akọ ajá pupa kan tí Muaz mú wá láti Bàbáńlá ló gba ipò kìíní. Tanímọ̀la ṣe ìkejì. Aaron kò lè mú un mọ́ra, ó lọ bá adájọ́.

"Etí yẹn ló fà á, àbí, mà?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yà síta díẹ̀. Bí etí méjèèjì bá pé, ibi tí mo fi í sí náà ni mo máa fi í sí."

Aaron bú sẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ bàbá wa rí."

Òun ló wa ọkọ̀ padà. Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n sún mọ́ Òwu-Ìsin. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí ọ̀nà oko bàbá ti yà, ajá dìde lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Aaron kò tíì dé ibẹ̀. Ó dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Àràmídé ṣí ilẹ̀kùn. Tanímọ̀la bọ́ sílẹ̀, ó wọnú ọ̀nà tóóró náà, ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó sì bojú wẹ̀yìn. Àràmídé gbé ẹsẹ̀ kan. Ajá náà gbé ẹsẹ̀. Àràmídé dúró, ajá dúró, ó tún wẹ̀yìn wò ó.

Bẹ́ẹ̀ ni ajá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá láràárọ̀, tí Àràmídé á sì fi ọwọ́ lé e lọ, á ní, "Máa lọ, iléèwé ni mò ń lọ." Gbogbo oṣù wọ̀nyí, òun ti rò pé ẹran ló ń wá lọ.

"Kí ló ń wò?" ni Aaron béèrè.

"Ó ń wò ó bóyá a ń bọ̀," ni ó dá a lóhùn.

Aaron ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Nígbà tí ajá rí i pé àwọn méjèèjì ti wọ ọ̀nà, ó kọjú síwájú, kò sì wẹ̀yìn mọ́.