Ìfun Ìbídùn Pe Ìpàdé

Àlá ọ̀sán kì í sábà ní orí tàbí ìdí, ṣùgbọ́n èyí tí Ìbídùn lá ní ọjọ́ Sátidé tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkìrun ku ọ̀la, ẹ̀yin ará, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rò ó fún mi.

Ìbídùn ni olóhùn iyọ̀ ẹgbẹ́ akọrin. Òun ni yóò dá orin ìkórè kọ kí ìjọ tó gbè é. Ṣùgbọ́n egbò wà nínú ìfun ńlá rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé àìsàn náà kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé oògùn tó ń lò ló ń mú un rọlẹ̀, kó má ṣe dá a dúró láìbi òun léèrè. Nígbà tí egbò náà bá bínú, inú á máa lọ́ ọ, ìgbọ̀nsẹ̀ á máa lé e sáré. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìparí bẹ́ńṣì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, kí orin tó dé àárín, á ti jáde. Ọ̀gá Láníyọnu tó ń darí akọrin rò pé fóònù ló ń lọ gbà.

"Bí o bá tún sáré jáde lọ́la," ó sọ fún un níbi ìdánrawò, "orin yẹn á bọ́ lọ́wọ́ rẹ títí láé. Ilé Olúwa kì í ṣe ibùdókọ̀."

"Ẹ má bínú, sà," ni Ìbídùn wí. Ojú tì í láti sọ èyí tó kù.

Màmá Àgbàkẹ́, olórí àwọn áltò, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin, rí i tó di ikùn mú. Aláàánú ni màmá yìí, kì í rí aláìsàn kó má já ewé. Kò bèèrè púpọ̀, ó kó ewé àgbo lé e lọ́wọ́. "Ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, ọmọ mi. Àgbo yìí á fọ inú ẹ mọ́ tónítóní. Fi oògùn òyìnbó yẹn sílẹ̀ ná, àbí o fẹ́ sọ ọ́ di oúnjẹ ni?"

Ìbídùn se àgbo náà. Ó gbé ìkòkò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tutù, kó lè mu ún tó bá di alẹ́. Ó rọ omi gbígbóná sínú àpò rọ́bà tí wọ́n fi ń mú ara móoru, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ó gbé e lé ikùn, ó gbàdúrà kúkúrú pé kí Olúwa fi ọ̀nà han òun. Kó tó dé àmín, oorun ti gbé e lọ.

Bẹ́ńṣì tó máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá bá a nílé. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá, ó wọlé, ó ní, "Jókòó, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀." Ìbídùn jókòó. Bẹ́ńṣì gbéra, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó ń fò lọ lókè àwọn igi ọ̀pẹ. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò wọ bàtà, wọ́n sì ní ìpàdé ni.

Ọ́fíìsì kan léfòó lójú ọ̀run, wọ́n fi okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì so ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé: INÚ ÌBÍDÙN. Ẹ KAN ILẸ̀KÙN KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kan nǹkan kan. Ata rodo ló ṣíwájú, ó dé fìlà àwọ̀ ewé. Gúgúrú ń fò sókè sódò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹran díndín ń kán òróró sílẹ̀. Ògì dúró sí ìparí pátápátá, ó da ìborùn funfun bora, ó ń sọ pé, "Ẹ máa lọ ná, kò sí ohun tó ń lé mi."

Ọ̀gá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ó jọ Ọ̀gá Láníyọnu, ó sì wọ aṣọ akọrin. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ata rodo níwájú orí. "Gbogbo ayé ló ń jẹ ẹ́. Wọlé!" Ó lù ú mọ́ gúgúrú. "Gbogbo ayé ló ń jẹ ẹ́. Wọlé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Ìbídùn wí, "inú mi ni wọ́n ń wọ̀ yẹn."

"Kí ló wá ya inú tìrẹ sọ́tọ̀?"

"Egbò ni, sà. Nígbà tó bá rọlẹ̀, mo máa ń tọ́ wọn wò díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bínú lọ́wọ́."

"Èmi ń jẹ gbogbo ẹ̀." Bó ti ń sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì yọ lórí. Ó jẹ òǹtẹ̀. Ó jẹ ọwọ́ aṣọ ara rẹ̀. "Ṣé o rí i kí nǹkan kan ṣe mí?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n òbúkọ ni yín."

Ọ̀gá wo pátákò ara rẹ̀. "Òótọ́ lo sọ," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tábìlì.

Ìbídùn kọjá wọlé. Ìfun Ńlá dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó ká ara rẹ̀ jọ bíi ọ̀pá rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń bomi rin ewébẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ pọ́n.

"Ìbídùn, ṣé o máa ń gbọ́ tí mo bá ń pè ọ́?"

"Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbọ́ yín, sà."

"Kí ni mo wá ṣe tí o fẹ́ fi àgbo fọ̀ mí?"

"Wọ́n ní ìdọ̀tí ló wà lára yín."

"Egbò ni! Ta ló ń fi kànrìnkàn irin ha egbò?"

Ìbídùn ronú títí. Kò rántí ẹnì kankan.

Rọ́bà omi gbígbóná wọlé, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé gèlè, ó fara ti Ìfun. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi." Ògì tẹ̀lé e, ó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n dáadáa lọ́wọ́ mú. Ẹja tí wọ́n bọ̀ láìfi ata sí lúwẹ̀ẹ́ nínú afẹ́fẹ́ wọlé, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ò tètè rí ọkọ̀.

"Mí bí ẹni tó fẹ́ kọ ìlà orin gígùn," ni Rọ́bà wí.

Iṣẹ́ Ìbídùn nìyẹn. Ó mí sínú títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ikùn, ó rọra ń tú u sílẹ̀. Ìfun náà mí, kókó kan sì tú lára rẹ̀. Wọ́n tún mí, òmíràn tú.

"Ó ti tù mí o," ni Ìbídùn wí. "Ṣé mo lè dá oògùn dókítà dúró báyìí?"

"Rárá!" ni gbogbo wọn pariwo. Ata rodo pàápàá pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Àwa ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún ni," ni Rọ́bà wí. "Ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún kì í lé ẹni tó ń wẹ egbò rẹ̀."

"Ohun kan ṣì ń dùn mí," ni Ìfun wí. "O ń fi mí pamọ́ bí ẹrù olè. Sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, sà?"

Kí Ìfun tó dáhùn, ìkòkò àgbo yí gbirigbiri wọlé. Gèlè Màmá Àgbàkẹ́ ló wé, ohùn áltò ló fi ń kọrin. "Ta ni mo fẹ́ fọ̀ níbí?" Ìfun kó sábẹ́ ibùsùn. Òbúkọ sáré wọlé, ẹsẹ̀ tábìlì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Gbogbo ayé ló ń mu ún!" ó wí, ó sì ki orí bọ ìkòkò. Ó ń dún gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n. Ìbídùn lajú.

Rọ́bà ti tutù lórí ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n náà kò dákẹ́. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń wá. Ó dìde lọ wò ó.

Òbúkọ ará ilé kejì ló ki orí bọ ìkòkò. Nígbà tó fi gbé e sókè, àgbo ò ku ẹ̀kán, irùngbọ̀n rẹ̀ ń ro tótó. Ó wo Ìbídùn tìgbéraga-tìgbéraga. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó gbé Ọ̀gá Láníyọnu ṣubú, ẹni tó ń wọlé bọ̀ láti wá gbọ́ orin ìkórè lẹ́nu Ìbídùn, pẹ̀lú ìwé orin lábíyá. Ẹ̀yìn ilé ni òbúkọ gbà lọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ bò ó.

"Pẹ̀lẹ́ o, sà," ni Ìbídùn wí. Òbúkọ ló ń kí.

"Kí ló ń lé ẹran yìí sáré báyìí?" ni Ọ̀gá Láníyọnu bèèrè, ó ń gbọn eruku kúrò lára.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ìbídùn, ìtìjú tó ti di ọ̀rọ̀ náà mú láti ọjọ́ yìí sì bá a jáde. Ó gbé àga méjì síta. Èyí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ló mú fún ara rẹ̀.

"Ohun kan náà tó ń lé mi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, sà," ó wí. "Ẹ jókòó."